Òrùka inú yukalíptọ́ọ̀sì kọ́ ni ọjọ́ orí ẹ̀ o

Ẹ jọ̀ọ́, mẹ́sééjì kan ń lọ káàkiri pé tẹ́ ẹ bá gé igi yukalíptọ́ọ̀sì oko, kẹ́ ẹ sáà ka òrùka ojú kùkùté ẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà róbótó tó wà níbẹ̀, òrùka kan ọdún kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti gbà gbọ́ ṣá, torí àwọn igi ilẹ̀ olótùútù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Tí òtútù bá dé, àwọn yẹn á sùn, wọn ò ní dàgbà mọ́. Yukalíptọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ kì í sùn bíi tiwọn, omi àti ooru ló ń darí ẹ̀: tí òjò bá rọ̀ á sáré, tí ọ̀dá bá dé á fà sẹ́yìn, tí òjò bá tún já lu àárín ọ̀dá yẹn á tún gbéra, ìlà míì nìyẹn, nínú ọdún kan náà. Níbi tómi ò sì ti wọ́n, ẹ lè má rí ìlà gidi kankan. Ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ ìgbìn sí ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá jẹ́ bó ṣe ń sanra ni, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, ní mítà 1.3 sókè ilẹ̀, láàárọ̀ o, torí igi máa ń súnkì díẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ síbi tẹ́ ẹ ti rí tàkọ́kọ́.