Ẹ Fi Fèrèsé Sílẹ̀, Ẹ Gbójú Sókè Wo Páànù

Ẹni tó bá ń wá ilé gbé ní Kàbà tàbí Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, nínú oṣù kejì sí ìkẹta, kó tó bèèrè omi, kó tó bèèrè iná, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ibo ni ojú ilé yìí kọ sí?" Bí wọ́n bá ní ìlà-oòrùn, á yínmú. Á ní ilé olóoru ni, pé láti àárọ̀ ni oòrùn á ti máa wọ pálọ̀. Tó bá wá dé ilé mìíràn tí òjìji bo iwájú rẹ̀, owó ti kúrò lápò nìyẹn. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi bá a níta lóru, lórí ẹní, tó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀.

Ohun tó ń ṣi wọ́n lọ́nà kò ṣòro láti gbà gbọ́. Oòrùn ló ń mú nǹkan gbóná, ojú fèrèsé sì la ti ń rí i tó ń wọlé, fèrèsé ló jẹ̀bi nìyẹn. Ìdí rèé tí a fi ń ra kọ́tìnì tó nípọn bí ìbora, tí àwọn kan sì ń lẹ bébà dúdú mọ́ gíláàsì títí inú ilé á fi ṣú bí iyàrá awo. Èmi tí mò ń ya pùláànì ilé fún àwọn èèyàn ládùúgbò yìí, mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ooru tó ń lé yín jáde lálẹ́ kì í ṣe ojú fèrèsé ló gbà wọlé. Orí ilé ló gbà. Èyí tó bá kù, ògiri tó wà níhà ìwọ̀-oòrùn ló fi kún un.

Ibi tí ilẹ̀ wa wà láyé ló fà á. Kàbà àti Lọ́kọ́ja kò ju nǹkan bíi dígírì 8 lọ sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Oòrùn tiwa kì í yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti ìlú àwọn òyìnbó, àtàrí ló ń gbà kọjá. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, orí wa gan-an ló máa ń dúró sí lọ́sàn-án. Ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ kó dúró ṣánṣán lọ́jọ́ náà, tó bá ti kọjá aago méjìlá àbọ̀ díẹ̀, ẹ ò ní rí òjìji rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá pàápàá, nígbà tó bá fì sí gúúsù jù lọ, òkè ló ṣì wà dáadáa lọ́sàn-án gangan.

Ta ló wá ń kojú oòrùn tó dúró sókè? Òrùlé ni. Ká ní òrùlé ilé kan gùn ní mítà 12, tó sì fẹ̀ ní mítà 10. Mítà 120 níbùú lóòró ló là sílẹ̀ fún oòrùn yẹn. Fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin kò tó mítà kan àbọ̀ níbùú lóòró. Ẹ ka mẹ́wàá rẹ̀ pọ̀, kò tíì pé 15. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ lọ́sàn-án, nǹkan bíi 1,000 wáàtì ni oòrùn ń dà sórí mítà kan níbùú lóòró tó bá kojú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé o. Páànù ń dá apá kan padà, afẹ́fẹ́ sì ń gbé apá kan lọ. Ṣùgbọ́n lásìkò yẹn kan náà, bí etí òrùlé bá yọ síta tó bó ṣe yẹ, ìtànṣán oòrùn kì í kan fèrèsé rárá. Òjìji ni fèrèsé wà nígbà tí orí ilé ń jóná.

Bí ẹnì kan bá sì ń jiyàn, kó rìn wọ àárín ìlú lọ, lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ilé alámọ̀ ṣì pọ̀ ní ìlú wa, tí koríko bẹẹrẹ ti kúrò lórí wọn tipẹ́, tí wọ́n fi páànù rọ́pò rẹ̀, tí páànù ọ̀hún náà sì ti dípẹtà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá tó bá gbé ibẹ̀ láti ìgbà koríko bóyá ilé náà ṣì tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. A máa ń sọ pé amọ̀ ló ń mú ilé tutù, àmọ́ amọ̀ yẹn náà ló ṣì dúró níbẹ̀. Ògiri kò yí padà. Fèrèsé wọn kékeré tí kò ju kí èèyàn yọjú lọ, kò yí padà. Ibi tí ilé kọjú sí, kò yí padà. Òrùlé nìkan ló yí padà, ooru sì dé.

Koríko nípọn, afẹ́fẹ́ há sáàárín rẹ̀, kì í tètè jẹ́ kí ooru kọjá. Àwọn tó mọ ilé mọ nígbà yẹn sì tún máa ń fi igi àti amọ̀ ṣe àjà sórí yàrá, wọ́n á jẹ́ kí etí òrùlé wá sílẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọlé. Páànù ńkọ́? Irin fẹ́lẹ́ ni. Kì í pẹ́ tó fi ń gbóná, bó bá sì ti gbóná, abẹ́ rẹ̀ á máa ràn sí ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀. Ẹ máa ń gbọ́ bó ṣe ń ta kẹ́, kẹ́, kẹ́ lórí yín láàárọ̀ nígbà tí oòrùn bá kọ́kọ́ kàn án, tó tún ń ta lálẹ́. Kì í ṣe alángbá, kì í sì í ṣe ọmọ aládùúgbò tó ń sọ òkúta. Irin tó ń nà tó sì ń súnkì ni. Ìró yẹn ni kẹ́ ẹ fi mọ iṣẹ́ tí oòrùn ń ṣe lókè nígbà tí ẹ̀yin ń tún kọ́tìnì ṣe.

"A kan àjà, a tún lẹ POP, ó ṣì ń gbóná." Mo máa ń gbọ́ èyí gan-an. Àjà dáa, ẹni tí kò bá ní in rárá kó wá owó rẹ̀ kó tó wá owó kọ́tìnì. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn káfíńtà wa ń ṣe: torí àdán, wọ́n á dí gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọ àárín páànù àti àjà pátápátá. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ẹni tí ìgbẹ́ àdán ti rùn lé lórí rí á mọ ìdí. Ṣùgbọ́n ooru tó há síbẹ̀ kò rọ́nà lọ. Á gbóná, á tún gbóná, títí àjà fúnra rẹ̀ á fi máa ràn sí yín lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n fi ihò sílẹ̀ lábẹ́ etí òrùlé, kí wọ́n tún fi sókè lára ògiri onígun mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí wọ́n wá fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó. Afẹ́fẹ́ á máa gba ìsàlẹ̀ wọlé, èyí tó gbóná á máa gba òkè jáde, àdán á sì máa wò ó látòkèèrè.

Kí n tún sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí. Ta ló kó àṣà páànù dúdú wá fún wa? Gbogbo ilé tuntun tí ẹ bá rí báyìí, tí kì í bá ṣe dúdú, aláwọ̀ ṣokoléètì ni, tàbí pupa rúsúrúsú. Ó wuyì lójú títì, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọ̀ dúdú ń gbé oòrùn mì ni, funfun ló ń dá a padà. Ẹni tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tí kò tíì lówó òmíràn, tó bá fọ̀ ọ́ dáadáa, tó sì kùn ún ní ọ̀dà funfun tí wọ́n ń lò fún irin, á rí ìyàtọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Eruku ọyẹ́ á máa bà á, òjò á tún fọ̀ ọ́.

Ó wá ku ògiri. Ẹni tó bá ti sá èlùbọ́ sórí àpáta rí mọ̀ pé oòrùn lè wọ̀ tán, kí ilẹ̀ ṣú, kí àpáta sì ṣì gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni búlọ́ọ̀kù. Láti nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán títí oòrùn á fi wọ̀, ìsàlẹ̀ ni oòrùn ti ń wá, ó ń kọjú sí ògiri ìwọ̀-oòrùn tààrà, etí òrùlé kò lè gbà á sílẹ̀. Ògiri á mu ún. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ló wá ń pọ̀ ọ́ sínú yàrá, ìyẹn ìgbà tí ẹ ti fẹ́ sùn. Bí búlọ́ọ̀kù bá jẹ́ onínṣì mẹ́fà, ooru á tètè dé. Onínṣì mẹ́sàn-án á dá a dúró díẹ̀ sí i. Lálẹ́ òní, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri ìwọ̀-oòrùn nínú ilé, kí ẹ tún lọ kan ti ìlà-oòrùn. Ọwọ́ yín á ṣèdájọ́.

Ìdí nìyí tí ilé tó kọjú sí ìlà-oòrùn kò fi yẹ lẹ́ni à ń yínmú sí. Oòrùn àárọ̀ ń kan ògiri tó ti fi gbogbo òru tutù, nígbà tí afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ kò tíì gbóná, kó sì tó le tán, ó ti gun orí òrùlé lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi onílé ni pé yàrá wo ló wà níhà ìwọ̀-oòrùn. Bó bá jẹ́ ilé ìdáná, sítọ́ọ̀ àti balùwẹ̀, ẹ san owó. Bó bá jẹ́ yàrá tí ẹ máa sùn ni, ẹ tún un rò. Ẹni tó sì ń kọ́lé lọ́wọ́ ní ilẹ̀ tó láyè, kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kúkúrú ló máa kojú oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́.

Fèrèsé kò mọ́ pátápátá nínú ẹjọ́ yìí ṣá. Gíláàsì tó kojú oòrùn aago mẹ́rin láìsí òjìji ń gba ooru wọlé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kọ́tìnì tó wà nínú kò lè ṣe nǹkan púpọ̀ sí i, torí kí oòrùn tó kan kọ́tìnì, ó ti kọjá gíláàsì, ó ti wọlé. Kọ́tìnì á gbóná, á sì máa ràn sínú yàrá. Ìta ló yẹ ká ti dá oòrùn dúró. Fèrèsé onípákó àwọn bàbá wa ṣe bẹ́ẹ̀. Igi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, máńgòrò tàbí dóńgóyárò tàbí kajú tó wà kún ilẹ̀ wa níbi gbogbo, bí wọ́n bá gbìn ín síhà ìwọ̀-oòrùn, tó jìnnà tó tí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò kò fi ní wó ẹ̀ka rẹ̀ lu páànù. À ń gé igi, a wá ń da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá, kọnkéré ọ̀hún náà ń gbóná, ó ń ta ooru rẹ̀ sára ògiri.

Ní ti ká ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ lọ́sàn-án kí ooru lè jáde, ó sinmi lórí irú ilé. Ilé tí kò ní àjà, inú rẹ̀ gbóná ju ìta lọ, ẹ ṣí i. Ilé tó ní àjà gidi, tí ògiri rẹ̀ nípọn, ìta ló gbóná jù ní aago méjì ọ̀sán oṣù kẹta, pàápàá ní Lọ́kọ́ja nísàlẹ̀ òkè níbẹ̀, níbi tí ooru ti sábà máa ń kọjá dígírì 35. Ẹ tì í, kí ẹ ṣí i nígbà tí ìta bá rọ̀. Mo mọ̀ pé láyé tí a wà yìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi fèrèsé sílẹ̀ lóru láìsí irin àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ẹ fi owó kọ́tìnì ṣe ìwọ̀nyẹn. Fèrèsé tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí gbogbo ayé ń kàn báyìí sì wà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí. Èyí tó ń ṣí síta ló ń gba afẹ́fẹ́ tán. Fáànù ní tirẹ̀ kì í mú yàrá tutù, òógùn ara yín ló ń gbẹ. Ẹ pa á tẹ́ ẹ bá ń jáde.

Àwọn ayálégbé á ní àwọn ò lè fọwọ́ kan òrùlé onílé. Òótọ́ ni. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ gbé wọ́dúróòbù síbẹ̀ dípò rẹ̀. Ẹ ta ẹní tàbí tapólì sí ìta fèrèsé tó kojú oòrùn ìrọ̀lẹ́, kó fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ sí gíláàsì kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá láàárín. Bó bá sì di ìgbà tí owó ilé tún pé, kí ẹ tó san án, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dà funfun.