Ẹ̀jẹ̀ lásán kò tó, ẹ ya sẹ́ẹ̀lì T sọ́tọ̀
Ìròyìn kan ní àyẹ̀wò STR (àyẹ̀wò DNA tó ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín sẹ́ẹ̀lì aláìsàn àti ti olùfúnni) fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà ti di ti olùfúnni "pátápátá" lẹ́yìn ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun. Ẹ rọra o. STR kì í sábà rí sẹ́ẹ̀lì aláìsàn tó bá kéré sí ìdá 1 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. qPCR, àyẹ̀wò DNA mìíràn tó ń ríran jù ú lọ, lè rí ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Granulocyte, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ ti olùfúnni tán nígbà tí sẹ́ẹ̀lì T, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, ṣì jẹ́ àdàlù ti aláìsàn àti ti olùfúnni. Ẹ fi bíìdì CD3 (hóró kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ àmì CD3 tó wà lára sẹ́ẹ̀lì T) ya sẹ́ẹ̀lì T sọ́tọ̀ kí ẹ tó yọ DNA. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni àìgba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn pamọ́ ṣáájú ìpààrọ̀, èyí tí a ó fi mọ DNA tirẹ̀ gan-an. Itọ́ kò lè dípò rẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì funfun olùfúnni ti wà nínú rẹ̀. Èékánná sàn díẹ̀, òun náà ò sì mọ́ tán.