RAID nìkan kò lè dáàbò bo dátà yín

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bójú tó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, gbà pé bí RAID (ètò tó ń so dísìkì púpọ̀ pọ̀ bí ẹyọ kan) bá ti wà lórí ẹ̀rọ, dátà kò lè sọnù mọ́. Ìgbàgbọ́ yìí ti wọ àwọn ọ̀gá lára débi pé wọ́n ń fagi lé owó backup, ìyẹn ẹ̀dà dátà tí a tọ́jú síbòmíì: "Ṣebí RAID wà níbẹ̀?" Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ sì ti ṣòfò nítorí rẹ̀.

Ní ti ààbò, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni RAID ń ṣe: bí dísìkì kan bá kú, iṣẹ́ kò ní dúró. Ọ̀kan lára ìṣòro tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Patterson, Gibson àti Katz ń wá ojútùú sí nìyẹn nígbà tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Yunifásítì California, Berkeley, lọ́dún 1988. Irú tí à ń pè ní RAID 5 lè fara da ikú dísìkì kan, RAID 6 lè fara da méjì. Ó parí síbẹ̀.

Káàdì tó ń darí àwọn dísìkì náà gan-an ni kí ẹ fojú sí. Mẹ́mọ́rì kan wà lórí rẹ̀ tí à ń pè ní cache. Bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ sí write-back, gbàrà tí dátà bá ti dé inú mẹ́mọ́rì yẹn ni káàdì á ti dáhùn pé òun ti tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì dé orí dísìkì kankan. Ó dà bí akọ̀wé tó ní òun ti ti fáìlì yín mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, tí fáìlì ṣì wà lórí tábìlì. Nítorí pé ó ń mú kí sáfà yára gan-an ni wọ́n ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lásìkò yẹn, ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì lọ nìyẹn. Dísìkì mẹ́jọ kò lè gba ohun tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn là.

Ìdí nìyí tí bátìrì fi wà lórí káàdì, kí mẹ́mọ́rì má bàa kú títí iná yóò fi dé. Àwọn káàdì tuntun ń lo kapásítọ̀, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná fúngbà díẹ̀: agbára inú rẹ̀ á tó láti da dátà náà sínú flash, mẹ́mọ́rì tí kì í nílò iná láti di dátà mú. Bátìrì a sì máa gbó. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, káàdì sábà máa ń bọ́ sí write-through fúnra rẹ̀, kò ní dáhùn àfi bí dísìkì bá ti gba dátà, sáfà á wá máa falẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á figbe ta, ẹnìkan á sì wọlé lọ fipá dá write-back padà láìsí bátìrì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, pàápàá níbi tí iná ti ń ṣe ségesège bíi tiwa. Ẹ ra bátìrì tuntun. Inverter kò sì tó láti gbára lé, nítorí ẹnìkan lè fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, pawasapúláì inú sáfà sì lè jó. Ẹ rántí pé dísìkì kọ̀ọ̀kan ní cache tirẹ̀ tí bátìrì káàdì kì í dáàbò bò. Ẹ pa ìyẹn.

Kódà bí iná kò bá ṣẹ́jú, ẹ wo ohun tí HPE, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sáfà, kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Àṣìṣe kan wà nínú firmware (sọ́fútíwíà tó ń darí ẹ̀rọ láti inú) àwọn SSD wọn kan, ìyẹn dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú: bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 32,768, ìyẹn ọdún 3, ọjọ́ 270 àti wákàtí 8, wọ́n á kú, dátà inú wọn kò sì ní ṣeé gbà padà. Ọjọ́ kan náà ni a sábà máa ń tan gbogbo dísìkì inú sáfà tuntun. HPE fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n jọ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni RAID fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Bí ẹnìkan bá sì ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́, RAID á pa á rẹ́ lórí gbogbo dísìkì láìjanpata. Ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù fún àwọn tó ń kọ sọ́fútíwíà, lọ́jọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, ẹnjiníà kan pa dátà rẹ́ lórí sáfà tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ti ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n. Ohun tí wọ́n kọ lẹ́yìn ẹ̀dà náà sọnù.

Ẹ lọ wo ipò bátìrì káàdì yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fi backup sórí ẹ̀rọ míì, kó má wà nínú yàrá kan náà, kí ẹ sì dá fáìlì díẹ̀ padà láti inú rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.