Alárinà Àwọn Tí Wọ́n Fi Bírò Yà

Tí ẹ bá ń kọjá ládùúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ n'Ífẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí ẹ gbọ́ igbe, ẹ má pe ọlọ́pàá. Kò sí olè, kò sí ejò. Ọmọkùnrin onídà kan ló di ọwọ́ ọmọbìnrin àjẹ́ kan mú nínú eré aláwòrán àwọn ará Japan.

Òru ni wọ́n máa ń gbé ọ̀pọ̀ irú eré bẹ́ẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lọ́hùn-ún. Japan sì fi wákàtí 8 ṣíwájú wa, nítorí náà agogo méjìlá òru tiwọn ni agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwa. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń bá àga òfìfo sọ̀rọ̀ ní kíláàsì agogo mẹ́rin, ẹ ti wá mọ ibi tí wọ́n wà. Ìṣẹ́jú 24 péré ni gbogbo eré náà, orin ìbẹ̀rẹ̀ àti orin ìparí á sì ti jẹ bíi 3 nínú rẹ̀. Ìyẹn bí àwọn oníná bá gbà.

Ṣùgbọ́n wíwò gan-an kọ́ niṣẹ́ o. Iṣẹ́ náà ni kí aráyé wò ọ́ níbi tí o ti ń wò ó. Fóònù kan á máa ṣeré, èkejì á gbára lé ìwé tí wọn ò kà, á máa ká ojú ònwòran sílẹ̀. Bí onídà bá ti sún mọ́ àjẹ́, onítọ̀hún á fọwọ́ bo ẹnu, á ju ìrọ̀rí lu ògiri, á dá eré dúró, á sáré yí yàrá po, á wá yẹ fóònù kejì wò bóyá ó ká gbogbo rẹ̀. Bí kò bá ká a, ẹnu á tún yà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ ọmọkùnrin kan ní Lágere tó ti wo apá keje tán lálẹ́ Jímọ̀, tó wá sùn lé e, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ Sátidé ló dára jù fún omijé.

Àwọn tó tún burú ju èyí lọ ni àwọn tó ti ka ìwé aláwòrán tí wọ́n ti fa eré náà yọ, ìwé tí wọ́n ń kà láti ọ̀tún lọ sósì. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á máa mi orí bíi babaláwo tó rí ikú lójú ọpọ́n, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kó dé apá kọkànlá ná." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ tàbí kí ẹ panu mọ́.

Lọ́jọ́ tí onídà di àjẹ́ lọ́wọ́ mú yìí, ìyá tó ń din àkàrà níwájú ilé wọn sáré wọlé tòun ti ṣíbí.

"Kí ló dé? Kí ló ṣe yín?"

"Mà, ó ti mú àjẹ́ náà!"

"Wọ́n mú àjẹ́? N'Ífẹ̀ níbí? Ta ló mú un?"

"Onídà ni, mà. Láti apá kìíní ló ti ń tẹ̀ lé e."

"Ṣé ó ti jẹ́wọ́?"

"Rárá, mà! Ohun tó ń dùn wá gan-an nìyẹn. Bó ṣe ní kóun jẹ́wọ́ báyìí ni dírágónì sín!"

Ìyá wò wọ́n títí, ó ní Ọlọ́run á ṣàánú, ó padà sídìí epo rẹ̀.

Láyé àtijọ́, alárinà máa ń wádìí ilé tí wọ́n ti fẹ́ fẹ́yàwó: àrùn wo ló wà níbẹ̀, gbèsè wo ni wọ́n jẹ. Àwọn alárinà tòde òní ò wádìí nǹkan kan, wọ́n kàn pín sí ẹgbẹ́ méjì. Ọ̀kan ní àjẹ́ ni kí onídà fẹ́, èkejì ní ọmọ ọba tó yọjú ní apá kẹta ló tọ́ sí i. Wọ́n ń bú ìyá ara wọn nítorí ẹni tí kò ní ìyá. Ẹni tí wọ́n yà ni! Àwòrán bíi 12 ni àwọn ayàwòrán sábà máa ń yà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì kó lè pé 24. Ọwọ́ tí wọ́n dì mú fún ìṣẹ́jú àáyá 2 yẹn, tí ẹnìkan fi ní kí wọ́n wá gbé òkú òun, kò ju ìwé 24 lọ. Ẹni yìí kan náà ò tíì lè kí ọmọbìnrin yàrá kejì, àmọ́ ó ti mú ọjọ́ ìdána fún àjẹ́ tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún.

Mo kàn ń dúpẹ́ pé Mọrèmi ti ṣe tiẹ̀ kọjá kí àwọn wọ̀nyí tó dé. Ẹ wo ère rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 42, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2016. Obìnrin tó jẹ́ kí àwọn Ugbò tó ń fi ìko bora mú òun lẹ́rú, tí ọba wọn fi ṣaya, tó rí i pé ènìyàn ni wọ́n, pé wọn kì í ṣe iwin, tó sá wálé wá sọ fún Ifẹ̀ pé ògùṣọ̀ ni kí wọ́n fi pàdé wọn. Ẹ fi ìyẹn ṣe eré aláwòrán kí ẹ wò ó. Ẹgbẹ́ kan á ní kó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ n'Ífẹ̀, èkejì á ní, "Ẹ ò rí bí ọba Ugbò ṣe ń wò ó ni?" Ẹnìkan á dá eré dúró níbi tó ti ń tọpinpin ọ̀rọ̀ ìko, á búra pé ìfẹ́ ló wà lójú rẹ̀ yẹn. Bó bá wá dé etí odò Ẹsìnmìrìn, tó fi Olúorogbo ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́, wọ́n á ní ẹni tó ni ìtàn náà kò láàánú, wọ́n á kọ̀wé pé kí wọ́n tún ìparí rẹ̀ yà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo wọn á ti dé iwájú ààfin, fóònù méjì-méjì lọ́wọ́, wọ́n á máa bi Ọọ̀ni ìgbà tí sáà kejì ń jáde.