“Fẹ́ǹsì ò ru ẹrù kankan”: ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí onílé àti bíríkìlà jọ máa ń sọ: fẹ́ǹsì kì í ṣe ilé. Kò sí dẹ́kìn lórí ẹ̀, kò sí òrùlé, kí la wá fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ jinlẹ̀ sí? Kí ni ti irin? Kí ni ti ìwé àṣẹ?

Àìsí òrùlé yẹn gan-an ni wàhálà ẹ̀. Ògiri ilé ní ògiri mìíràn tó dì í mú ní igun, òrùlé sì so gbogbo wọn pọ̀ lókè. Fẹ́ǹsì dá dúró ni. Ẹrù tiẹ̀ kì í ti òkè wá, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní búlọ́ọ̀kù ínṣì 6 la fi mọ fẹ́ǹsì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Mítà kan nínú gígùn ẹ̀ á wọn bíi kìlò 400. Ìjì tó ń sáré ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan á ti mítà kan yẹn pẹ̀lú agbára bíi kìlò 100, láàárín gíga ẹ̀. Ìwúwo ògiri nìkan ò lè dá ju ìdá kan nínú mẹ́ta agbára yẹn dúró. Ìyókù dọwọ́ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi lẹ búlọ́ọ̀kù pọ̀, sìmẹ́ǹtì yìí sì lágbára bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Bí wọ́n bá fà á, kíá ló ń là. Búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 sàn jù ú lọ, àmọ́ òun náà ò dá a ṣe láìsí òpó.

Omi tún burú ju afẹ́fẹ́ lọ. Àgbàrá tó ga ní mítà 1 lẹ́yìn fẹ́ǹsì ń ti mítà kọ̀ọ̀kan bíi kìlò 500. Bó bá ga dé mítà 2, kò ní jẹ́ 1000 o, 2000 ni. Ẹ ri páìpù ínṣì 3 sí ìsàlẹ̀ ògiri ní mítà méjì-méjì, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ẹ̀ kí iyanrìn má baà dí i, kí omi ẹ̀ sì lọ sí gọ́tà, kì í ṣe àgbàlá aládùúgbò. Ẹni tó bá sì fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 3 ti fẹ́ǹsì láti fi gbé ilẹ̀ ga, kó lọ pe ẹnjiníà. Ògiri tó ń dá iyẹ̀pẹ̀ dúró nìyẹn, iṣẹ́ mìíràn ni.

Ìpìlẹ̀: ó kéré tán, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí ìsàlẹ̀, títí a ó fi kan ilẹ̀ tó le. Kọnkéré ìsàlẹ̀ ẹ̀ á nípọn ínṣì 6, á fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2: sìmẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2, òkúta 4. Òpó ínṣì 9 sí 9 ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta, ní igun àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, pẹ̀lú irin mílímítà 12 mẹ́rin, òrùka irin mílímítà 8 ní ínṣì mẹ́jọ-mẹ́jọ. Inú kọnkéré ìpìlẹ̀ ni irin òpó ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn tí ìpìlẹ̀ ti gbẹ, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ìlà búlọ́ọ̀kù 5 tó lójúmọ́. Bíríkìlà tó bá tò ó dókè lọ́jọ́ kan ń to ògiri lé sìmẹ́ǹtì tútù.

Ẹ ṣàkíyèsí ààlà náà. Tí ògiri bá jẹ́ ínṣì 9, tí ìpìlẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, ìpìlẹ̀ á yọ ínṣì méje àbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni tó bá mọ ògiri lé orí ààlà gan-an ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀ lábẹ́. Ẹ sún un wọlé, tàbí kí ẹ̀yin àti aládùúgbò kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ẹ.

Ní ti ìwé, fẹ́ǹsì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Èkó, ó yàtọ̀ sí ti ilé. LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó tó wà fún ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ló ń fún ni. LASBCA, àjọ ìjọba Èkó mìíràn, ló ń bojú tó iṣẹ́ ìkọ́lé. Ẹ wá sọfé àti ìwé ilẹ̀ sílẹ̀. Fẹ́ǹsì tó bá wà lójú ọ̀nà omi, ìjọba lè wó o, kódà bí ẹ bá ti san gbogbo owó ilẹ̀ tán. Owó fandéṣọ̀n tí ọmọ onílẹ̀ ń gbà kì í ṣe ìwé àṣẹ. Òfin Èkó ti ọdún 2016 tiẹ̀ kà á léèwọ̀.