Ẹ Má Fi Àwa Òǹkàwé Bojú Mọ́

Ohun kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú nínú ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, èébú kọ́ ló ń dùn mí jù. Ẹni tó bú mi ti fi ara rẹ̀ hàn, mo mọ ẹni tí màá dá lóhùn. Èyí tí mi ò lè gbé mì ni ti olóòtú tó máa rẹ́rìn-ín sí òǹkọ̀wé, tó máa ní ìtàn yìí dára o, òun ò ní nǹkan kan sí i, àwọn òǹkàwé ni ò ní gbà á. Ta ló bi àwọn òǹkàwé?

Ní 1953, EC Comics tó ń tẹ ìwé àwòrán ní Amẹ́ríkà gbé ìtàn kan jáde tó ń jẹ́ "Judgment Day". Al Feldstein ló kọ ọ́, Joe Orlando ló ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n rán ará ayé kan lọ wo àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbé ní pílánẹ́ẹ̀tì tiwọn, bóyá wọ́n ti tó ẹni tí à ń gbà sínú ẹgbẹ́ àwọn ayé tó lajú. Ó yẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn wò, ó rí i pé ohun kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Èèpo ara ni ò dọ́gba: àwọn kan pọ́n bí ọsàn, àwọn kan jẹ́ búlúù. Àwọn tó pọ́n ló ń jẹ gàba, apá ọ̀tọ̀ nínú ìlú ni wọ́n kó àwọn búlúù sí. Àlejò náà ní ó kù díẹ̀ káàtó. Ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wá ṣí àṣíborí tó ti dé láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ibẹ̀ la ti rí i pé ènìyàn dúdú ni. Òógùn ń dán lójú rẹ̀. Ó tán.

Nígbà tó di 1956, wọ́n fẹ́ tún ìtàn náà tẹ̀. Àmọ́ láàárín ìgbà yẹn, àwọn oníwèé àwòrán ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tó ní láti fọwọ́ sí ìwé kó tó dé ọjà. Adájọ́ Charles Murphy ló ń darí rẹ̀. Murphy ní ọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ jẹ́ dúdú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò síbi tí wọ́n kọ irú ẹ̀ sí nínú òfin wọn. Òfin wọn gan-an ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà kankan ṣe yẹ̀yẹ́! Feldstein ní tí ọkùnrin náà ò bá jẹ́ dúdú, kí ni ìtàn ọ̀hún ń sọ? Ni Murphy bá rẹ owó ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ó dáa, ẹ kúkú nu òógùn ojú rẹ̀ kúrò.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ òógùn yìí títí. Kí ló fẹ́ fi òógùn ṣe? Ohun tí mo rò ni pé ère kì í làágùn. Ẹni tó bá ń làágùn ní ara, ó ti ṣiṣẹ́, ooru mú un nínú àṣíborí tó dé, ó rẹ̀ ẹ́. Ènìyàn ni. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà kó wà nínú ọkọ̀ náà, kó kúkú jókòó síbẹ̀ bí àwòrán ara ògiri. William Gaines tó ni iléeṣẹ́ náà bínú, ó bú adájọ́ lórí fóònù, ó sì tẹ ìtàn náà bó ṣe wà, tòun ti òógùn. Ìyẹn sì ni ìwé àwòrán bẹ́ẹ̀ tí EC ṣe kẹ́yìn. Ọkàn mi máa ń fà sí ọkùnrin yẹn, mi ò ní purọ́.

Ọdún méjìlá lẹ́yìn ìyẹn ni ti Samuel Delany, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú. Kì í ṣe òǹkọ̀wé tuntun nígbà náà, ó ti gba Nebula, àmì-ẹ̀yẹ ńlá fún irú ìtàn yìí. Nínú ìwé rẹ̀ Nova, tó jáde ní 1968, ọmọ Senegal ni ìyá akọni ìtàn, ọmọ Norway ni bàbá rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ fún John W. Campbell, olóòtú ìwé ìròyìn Analog, bóyá á máa tẹ̀ ẹ́ ní apá kọ̀ọ̀kan. Delany fúnra rẹ̀ ló sọ èsì tó gbà, nínú àròkọ tó kọ ní 1998: Campbell ní òun fẹ́ràn ìwé náà, àmọ́ òun ò rò pé ọ̀rọ̀ akọni aláwọ̀ dúdú á wọ àwọn òǹkàwé òun lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé yẹn: àwọn ènìyàn fẹ́ wa ọkọ̀ gba àárín ìràwọ̀ tó ń bú gbàù. Ìyẹn wọ òǹkàwé lára. Ọmọ obìnrin Senegal ló wá le jù fún un láti gbà!

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Campbell yìí kan náà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn náà láti gbèjà yíya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Ta wá ni ò lè gbà á, òǹkàwé àbí òun? Ó pẹ́ kí wọ́n tó bi ìbéèrè yẹn síta. Ọdún 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún òǹkọ̀wé tuntun, lẹ́yìn tí Jeannette Ng, tó gbà á lọ́dún yẹn, dúró lórí pèpéle tó sọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́.

Ti Nichelle Nichols, òṣèré dúdú tó ń ṣe Uhura nínú eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek, bó ṣe fẹ́ fi eré náà sílẹ̀ tí Martin Luther King ní kó má lọ, gbogbo wa la ti gbọ́ ọ, mi ò ní tún un sọ.

Ṣé ẹ ti kíyè sí i pé wọ́n tún ní ọgbọ́n mìíràn? Wọ́n á gba òṣèré dúdú, wọ́n á wá kùn ún. Zoe Saldaña di búlúù nínú Avatar ní 2009, ó di aláwọ̀ ewé nínú Guardians of the Galaxy ní 2014. Lupita Nyong'o gba Oscar ní 2014, àmọ́ nínú fíìmù Star Wars tó jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ la gbọ́, kọ̀ǹpútà ló ya ojú tí a rí. Kí ẹ má bàa ní apá kan ni mo ń rò, Saldaña náà ṣe Uhura nínú fíìmù Star Trek ní 2009 pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Mi ò sì bínú sí òṣèré kankan, iṣẹ́ niṣẹ́.

Nínú Star Wars kan náà yẹn, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hàn nínú ìpolówó tó kọ́kọ́ jáde, ní ìparí 2014, ni John Boyega. Ó ta gìrì dìde láàárín aṣálẹ̀, aṣọ ọmọ ogun ló wọ̀, àṣíborí ò sí lórí rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bo ojú rẹ̀. Mo rántí Murphy lọ́jọ́ yẹn. Àwọn kan pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé irú ọmọ ogun yẹn kì í ṣe dúdú, Boyega ní kí wọ́n jẹ́ kó mọ́ wọn lára. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣe pátákó ìpolówó fíìmù náà fún China, wọ́n sọ Boyega di kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ará China wo ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀? Owó tí fíìmù yẹn pa kárí ayé lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là.

Ẹ bi òǹkàwé nígbà kan ná. Ìdìbò àwọn olólùfẹ́ irú ìtàn yìí ló ń pinnu ẹni tó máa gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo. Ní 2016, N.K. Jemisin, obìnrin aláwọ̀ dúdú, gba ti ìwé ìtàn tó dára jù. Ní 2017, wọ́n tún fún un. Ní 2018, òun náà ni. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́dún mẹ́ta léraléra rí ṣáájú rẹ̀.

Àmọ́ mo ní ẹjọ́ ti ara mi láti rò. Nígbà kan, mo ń ka ìwé kan nípa àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ gbalasa òfurufú, mo sì ti ka á dé ìdajì. Láti ìbẹ̀rẹ̀, òyìnbó ni ọ̀gá ọkọ̀ náà lójú inú mi. Òyìnbó onírùngbọ̀n pàápàá, ibi tí mo ti rí irùngbọ̀n, mi ò mọ̀. Mo wá kan ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń di irun fún un nígbà tó wà lọ́mọdé, mo ní kí lèyí? Mo ṣí i padà sẹ́yìn. Ojú ewé kejì ni òǹkọ̀wé ti kọ ọ́ kedere pé awọ ara rẹ̀ dúdú, obìnrin sì ni. Kò sí olóòtú kankan lọ́dọ̀ mi nígbà tí mo ń kà á. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé náà látòkè.