Bóòtù tó já bọ́ ló ń pa ike abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe òkúta

Ẹ̀yin ará, èrò ọkàn mi rèé lórí ike pẹlẹbẹ tó máa ń wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì kan máa ń tú jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọn kì í dá a padà mọ́. Wọ́n á ní kò wúlò, pé ńṣe ló kàn ń dí àwọn lọ́wọ́ bí àwọn bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì. Mi ò gbà rárá. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ẹni tó bá tiẹ̀ gbìyànjú láti ra tuntun, tí kò bá wo ohun tó so ó rọ̀, owó tuntun náà máa tó tún jáde lápò rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Táyà iwájú a máa ta omi àti ẹrẹ̀ sókè. Bí ike yìí kò bá sí níbẹ̀, fáńbẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń lọ bá. Bẹ́ẹ̀tì tó bá ti mu omi á máa yọ̀, á máa han, ohun tó sì ń pèsè iná fún bátìrì kò ní yí bó ṣe yẹ. Yanrìn á wọ ara bíárìn, omi á wọ ibi tí wáyà ti so kọ́ra. Ti atẹ́gùn tún wà níbẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ike yìí wà lára ohun tó ń mú kí atẹ́gùn tó gba iwájú wọlé gba inú rédíétọ̀ kọjá. Ọkọ̀ tó bá ń gbóná lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí kì í sì í gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fẹ̀sùn kan rédíétọ̀.

Òkúta àti gegele máa ń fọ́ ọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe sábà máa ń kú nìyí: bóòtù kan já bọ́ ní etí iwájú. Igun yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, atẹ́gùn á máa ki orí bọ abẹ́ etí náà, á máa fà á wálẹ̀. Ihò tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà á wá dá lé. Ẹ sún mọ́ ihò yẹn dáadáa: ẹ máa rí i pé kò rí roboto mọ́, ó ti gùn, ike dúdú tó yí i ká sì ti ń funfun. Ibi tó ń funfun yẹn ni ike ti ń nà, ibẹ̀ ló máa ya. Lẹ́yìn náà, etí náà á máa wọ́lẹ̀, títí gegele kan á fi ká a sẹ́yìn tàbí kí táyà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ṣé kí ẹ tún un ṣe ni àbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé àárín ló sán, tí gbogbo ihò bóòtù ṣì pé, ó ṣeé tún ṣe. Ẹ lu ihò 3 mìlímítà sí òpin ibi tó sán náà kí ó má baà sán lọ síwájú sí i, kí ẹ wá fi irin gbígbóná lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tàbí kí ẹ lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ fi okùn oníke rán an bí ẹni rán bàtà. Gúlù lásán kò lè dì í mú, torí ẹ̀yà ike tí wọ́n sábà fi ń ṣe é, tí wọ́n máa ń kọ PP sí lára, kì í gba gúlù. Okùn oníke náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ páìpù èéfín, yíyọ́ ló máa yọ́. Àmọ́ bí ihò tó ya bá ti ju méjì lọ, tàbí tó jẹ́ pé etí iwájú ló ya, ẹ má fàkókò ṣòfò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Níbi rírà, orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ nìkan kò tó. Ọkọ̀ kan náà tó ní ẹ́ńjìnnì oríṣi méjì lè ní ike oríṣi méjì, òmíràn sì wà tó jẹ́ abala méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ti àtijọ́. Ẹ gbé tuntun lé orí rẹ̀, kí ẹ ka ihò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ojú ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde àti ibi tí wọ́n gé fún páìpù èéfín. Ẹ ra kílíìpù oníke tuntun (èèkàn kékeré tó ń há ike náà mọ́ ibi tí kò sí bóòtù) kún un, ó kéré tán 10, torí pé àwọn ti àtijọ́ máa ń ṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń yọ wọ́n. Ẹ wọn fífẹ̀ ihò kí ẹ tó rà á. 7, 8 àti 10 mìlímítà ló wọ́pọ̀.

Kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù. Ẹ fi ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa búrẹ́ẹ̀kì ọwọ́, ẹ fi igi há táyà ẹ̀yìn, kí ẹ wá fi jáàkì gbé e. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e ka orí ẹsẹ̀ irin méjì, irú èyí tí wọ́n ṣe láti fi gbé ọkọ̀ dúró. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ wọ awò ojú, nítorí erùpẹ̀ tó jókòó sórí ike náà, ojú yín ló máa dà sí.

Orí bóòtù wọn sábà máa ń gba sípánà 10, àwọn ọkọ̀ Jámánì kan sì ń lo Torx, ìyẹn èyí tí ojú orí rẹ̀ rí bí ìràwọ̀. Èyí tó bá ti dípẹtà, ẹ fọ́n ọ́ìlì sí i, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u bọ̀ níwájú, kí ọwọ́ kan máa gbé ike náà dúró.

Ti kílíìpù ló máa ń tán èèyàn ní sùúrù. Abẹ́rẹ́ kan wà láàárín rẹ̀. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé ẹ máa fi irin pẹlẹbẹ yọ orí abẹ́rẹ́ náà síta díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Oríṣi kejì kò ní etí tí irin lè wọ̀. Ẹ máa tẹ abẹ́rẹ́ náà wọlé díẹ̀ ni, títí yóò fi dún kọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ó ti jábọ́ sínú nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá oríṣi kejì yìí padà, ẹ ti abẹ́rẹ́ náà láti ẹ̀yìn kí orí rẹ̀ yọ síta, ẹ ki kílíìpù bọ ihò, kí ẹ wá tẹ orí rẹ̀ títí tí yóò fi dọ́gba.

Kí ẹ tó gbé tuntun, ẹ wo inú ti àtijọ́. Bí ọ́ìlì bá ti dágún síbẹ̀, ibì kan ń jò lókè, ẹ wá a kí ẹ tó bò ó. Ẹ wo àwọn nọ́ọ̀tù pẹlẹbẹ tó ká bíi lẹ́tà U mọ́ etí irin abẹ́ ọkọ̀, níbi tí bóòtù ń wọ̀. Ibí gan-an ni bóòtù ti ń já bọ́: nọ́ọ̀tù náà ti jẹ, kò di bóòtù mú mọ́, àwọn èèyàn á sì dá bóòtù tuntun padà sínú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ gbogbo èyí tó bá ti jẹ.

Tí ẹ bá wá ń gbé e, etí iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ fi há abẹ́ bọ́ńpà. Bí ó bá jẹ́ alábala méjì, ronú bí wọ́n ṣe ń to páànù: èyí tó wà níwájú ni kó wà nísàlẹ̀, kó bo etí ti ẹ̀yìn, kí atẹ́gùn má baà rí ẹnu gbà wọlé. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí gbogbo bóòtù wọlé ní ìyípo méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó le èyíkéyìí. Ẹni tó bá le ti àkọ́kọ́ pátápátá, ihò ìkẹyìn kò ní bá a mu, á sì fi tipátipá yí bóòtù wọ inú nọ́ọ̀tù ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi wásà fífẹ̀, bíi 25 mìlímítà, sábẹ́ orí bóòtù tí ihò rẹ̀ bá tóbi. Ẹ má le é jù. Bí wásà bá ti kan ike, ìdá mẹ́rin ìyípo kan ti tó. Ike a máa fẹ̀ nínú ooru, ó fẹ́ àyè díẹ̀.

Ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún àti sósì délẹ̀ kí ẹ rí i pé táyà kò kan án, kí ẹ sì wo àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti páìpù èéfín. Lẹ́yìn bíi 15 kìlómítà, ẹ tún fi sípánà kan gbogbo bóòtù.

Ẹ ka bóòtù àti kílíìpù rẹ̀, kí ẹ kọ iye wọn sínú fóònù. Nígbà tí ẹ bá tún gbé ọkọ̀ lọ pààrọ̀ ọ́ìlì, bí 9 bá jáde, 9 ni kó padà síbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.